Anna Botsford Comstock (1854–1930): Ẹni tó kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ilẹ̀ àti ohun abẹ̀mí

Anna Botsford Comstock jẹ́ olùkọ́, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Cornell fún ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun náà ni ó kọ Handbook of Nature Study, ìwé atọ́nà fún àwọn olùkọ́ tí ó jáde ní ọdún 1911, tí wọ́n sì ń tẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó fi ìgbésí-ayé rẹ̀ ṣe ni bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, títí kan àwọn tó wà láàrin ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, yóò ṣe mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀, omi tó ń ṣàn lẹ́bàá ilé wọn, àti àwọn ohun abẹ̀mí tí wọ́n jọ ń gbé. Ìṣòro tí ó bá pàdé kì í ṣe àìsí ìwé nìkan. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ó fún wọn ni ó sọ ọ́ di ẹni ìrántí.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Anna ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ní Otto, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Cattaraugus, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ New York. Marvin Botsford ni bàbá rẹ̀, Phebe Irish Botsford sì ni ìyá rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni ọmọ tí wọ́n bí. Ìdílé àgbẹ̀ ni ìdílé náà. Inú oko ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ ayé, kì í ṣe inú ìwé.

Ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ìjọ Quaker ni Phebe, obìnrin tó fẹ́ràn òdòdó igbó, igi, ẹyẹ àti ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Bí ó bá ń rìn lọ nínú pápá, ó máa ń mú ọmọ rẹ̀ dání, ó sì máa ń fi ohun tí wọ́n bá rí hàn án, yóò sì dá orúkọ rẹ̀ fún un. Kò sí ìdánwò nínú ẹ̀kọ́ yìí, kò sì sí pàṣán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Anna ti mú ìlànà ìkọ́ni rẹ̀ wá ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni yóò ti wá a.

Nígbà tí ó dàgbà, wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Chamberlain Institute ní ìlú Randolph tó wà ní ìtòsí wọn. Lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Otto láti ṣe olùkọ́ fún ọdún kan. Ní ọdún 1874 ó gba Ithaca lọ, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell.

Ní Cornell

Cornell kò tíì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba obìnrin wọlé nígbà náà, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ kò sì tó nǹkan láàrin àwọn ọkùnrin. Orí òkè ni wọ́n kọ́ yunifásítì náà sí, adágún Cayuga sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àfonífojì jíjìn la òkè náà kọjá, omi sì ń já wálẹ̀ láti orí àpáta tí ó tò léra bí ìwé. Ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa rí bí omi ṣe ń gé òkúta àti bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èyí padà wá wúlò fún Anna nígbà tí ó ń kọ ẹ̀kọ́ nípa odò àti òkúta fún àwọn ọmọdé.

Ó forúkọ sílẹ̀ nínú kíláàsì ìmọ̀ nípa ẹranko tí ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan, John Henry Comstock, ń kọ́ni. Kòkòrò ni Comstock yàn láàyò. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 1878. Anna ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà láìtíì gba oyè.

Ní ọdún 1879 ìjọba àpapọ̀ pe ọkọ rẹ̀ sí Washington láti wá jẹ́ olórí onímọ̀ kòkòrò ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn. Anna bá a lọ, ó sì di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ó sì ń ya àwòrán àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń ba igi ọsàn jẹ́, èyí tí ó wọ inú ìjábọ̀ ọkọ rẹ̀ ti ọdún 1880. Nígbà tí ìjọba yí padà, àwọn méjèèjì padà sí Ithaca. Anna tún wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1885.

Ayàwòrán tó ń fín igi

Ní ayé ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí àwòrán tó dára wọ inú ìwé, wọ́n ní láti fín in sára pákó líle kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni. Anna lọ kọ́ ọ ní Cooper Union ní ìlú New York lọ́dọ̀ John P. Davis, gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó fín àwòrán fún ìwé ọkọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1888, ó sì tún ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán fún Manual for the Study of Insects tí ó jáde ní ọdún 1895. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fín igi ní Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Ní ọdún 1888 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Sigma Xi gba obìnrin wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mẹ́rin péré ni wọ́n, Anna sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Iṣẹ́ ọnà yìí kọ́ ọ ní ohun kan tí kíláàsì kò lè kọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ fín ìyẹ́ labalábá sára igi gbọ́dọ̀ wo ìyẹ́ náà títí yóò fi mọ iye iṣan tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yà. Ojú tí kò bá wò dáadáa, ọwọ́ kò lè yà á. Nígbà tí ó wá di olùkọ́ àwọn olùkọ́, wíwò yìí gan-an ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun gbogbo.

Ní ọdún 1893 John Henry Comstock àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Simon Henry Gage dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀ láti máa tẹ àwọn ìwé wọn jáde. Comstock Publishing Company ni wọ́n pè é. Ilé-iṣẹ́ yìí ni yóò wá gba ìwé Anna nígbà tó bá yá.

Nígbà tí ilẹ̀ kò bọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́

Láàrin ọdún 1891 sí 1893, ọrọ̀-ajé àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ New York dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi oko sílẹ̀, wọ́n ń rọ́ lọ sí ìgboro New York. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń fún aláìní ní oúnjẹ ní ìgboro rí i pé àwọn ará oko ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà wọn, ohun tí wọn kò rí rí. Wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè ohun tó ṣe ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà tí kò fi lè bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n pe ìpàdé, Anna Comstock sì wà lára àwọn tí wọ́n pè. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ Abram Hewitt, ẹni tó ti ṣe olórí ìlú New York rí, wọ́n sì fi Anna sí i.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àfiyèsí jù nínú ìgbìmọ̀ náà ni George T. Powell, tí ó ti ń káàkiri kọ́ àwọn àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Èrò rẹ̀ ni pé àtúnṣe kò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà nìkan. Ọmọ tí kò mọ ohun tó wà nínú erùpẹ̀ oko bàbá rẹ̀, tí kò mọ kòkòrò tó ń ràn án lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń bà á jẹ́, kò lè rí ìdí tí yóò fi dúró sí oko. Nítorí náà, kí wọ́n mú ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá wọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n dán an wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹkùn Westchester, ó sì yọrí sí rere. Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ náà rọ ìjọba ìpínlẹ̀ láti gba iṣẹ́ náà, ìjọba sì fi lé Cornell lọ́wọ́ pẹ̀lú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1896, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé pélébé àti lẹ́tà àwọn ọmọdé

Liberty Hyde Bailey, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn, ni ó wá di olórí iṣẹ́ náà ní Cornell. Ó rí àwọn alábàáṣiṣẹ́ tó tóótun. John W. Spencer, àgbẹ̀ olóko èso láti ẹkùn Chautauqua, dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Owó kọ́ ni àwọn ọmọ ń san láti wọ ẹgbẹ́. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ, nínú èyí tí wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí ní oko, ní bèbè odò tàbí ní ẹ̀yìnkùlé. Uncle John ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sì kọ̀wé sí i.

Iṣẹ́ ti Anna yàtọ̀. Àwọn olùkọ́ ni ó dojú kọ. Ó ń rin ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ wọn, ó sì ń kọ́ àwọn tó bá wá sí Cornell ní ìgbà ìsinmi. Wọ́n tún ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì kópa nínú kíkọ wọn. Ralph S. Tarr, tó jẹ́ onímọ̀ ilẹ̀, kọ ọ̀kan tó dá lórí ẹ̀kún ọwọ́ erùpẹ̀ kan péré, láti fi ṣàlàyé bí òkúta ṣe ń di ilẹ̀ tí irúgbìn ń hù nínú rẹ̀. Láti ọdún 1903 Anna ń ṣe olóòtú ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ lè kà nílé, èyí tí ń dé ọwọ́ wọn láti ìgbà dé ìgbà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ yìí jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń dá nìkan kọ́ gbogbo kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ní abúlé. Owó wọn kéré, iṣẹ́ wọn pọ̀. Wọ́n ti mọ ìṣirò, wọ́n mọ ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní orúkọ òkúta tàbí ìwà légbénlègbé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ọmọ bá mú kòkòrò kan wá láti oko, tó sì béèrè ohun tó jẹ́, ìtìjú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá wá kọ́ ẹ̀kọ́ náà rárá, wọn a kó orúkọ jọ láti inú ìwé, wọn a sì mú kí ọmọ kọ́ ọ sórí.

Ibi tí Anna Comstock ti yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nìyí. Ó kọ́ wọn pé kí olùkọ́ jẹ́wọ́ gbangba pé òun kò mọ̀, kí ó sì fi kún un pé òun àti ọmọ náà yóò jọ wá a. Àìmọ̀ olùkọ́ kò ba ẹ̀kọ́ jẹ́ lójú tirẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí olùkọ́ dà bí ẹni tó mọ̀ nígbà tí kò mọ̀. Ọmọ tó bá rí i pé àgbà náà ń béèrè, tó ń wò, tó ń dúró de ìdáhùn, yóò mọ̀ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì parí, àti pé òun náà lè ní ìpín nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn Yorùbá fi lélẹ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí èyí tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ New York.

Oyè tí wọ́n fún un tí wọ́n sì gbà padà

Kí ọdún 1899 tó parí, Cornell ti fi Anna joyè ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìpele tó kéré jù. Kò sí obìnrin kankan tó ti dé ipò náà rí ní yunifásítì ọ̀hún. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó kò fara mọ́ ọn pé kí obìnrin máa jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 1900 wọ́n mú oyè náà kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di olùkọ́ lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń bá a lọ láti máa kọ́ni, láti máa rìnrìn-àjò àti láti máa kọ̀wé. Ọdún 1913 ni wọ́n tó dá oyè náà padà fún un. Ní ọdún 1920, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún. Ogún ọdún gbáko ni ó wà láàrin oyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti èyí tí ó tọ́ sí i.

Ìwé ọdún 1911

Nígbà tó yá, àwọn ìwé pélébé àtijọ́ tán nílẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ń kọ̀wé béèrè wọn. Anna pinnu láti kó àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ, kí ó tún wọn kọ, kí ó sì sọ wọ́n di odidi ìwé kan. Ìwé náà wá tóbi gan-an, ó lé ní ẹgbẹ̀rin ojú-ìwé. Ẹ̀rù ba ọkọ rẹ̀ pé owó tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ kò ní padà wálé. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ Comstock tẹ Handbook of Nature Study jáde ní ọdún 1911. Ohun tí wọn kò retí ṣẹlẹ̀: ìwé tí wọ́n rò pé yóò jẹ wọ́n ní gbèsè ni ó wá tà jù nínú gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n tún un tẹ̀ léraléra, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn.

Ìwé náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó jìnnà. Adìẹ ilé wà lára ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀ apá tó kan ẹyẹ, nítorí kò sí ọmọ tí kò rí adìẹ rí. Lẹ́yìn ẹyẹ, ìwé náà kan ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, kòkòrò, òdòdó, irúgbìn oko àti igi. Apá tó gbẹ̀yìn dá lórí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà kan náà. Àlàyé wà fún olùkọ́ kí ó lè ní ìpìlẹ̀. Èrò kan ṣoṣo tí ẹ̀kọ́ náà dá lé tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọ́ ọ, àti ọ̀wọ́ ìbéèrè tí ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ wá ìdáhùn sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà ni ìwé kò dáhùn. Ẹranko náà tàbí òkúta náà ni yóò dáhùn wọn.

Ó kìlọ̀ pé kí ẹ̀kọ́ náà má gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ààbọ̀ wákàtí ti tó. Ó fẹ́ kí ọmọ ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò máa ya ohun tí ó rí sí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí olùkọ́ sọ ìwé náà di ẹrù ìyà. Kò sì fẹ́ kí wọ́n pa kòkòrò tàbí ẹranko lójú ọmọ kékeré nítorí ẹ̀kọ́.

Odò, òkúta àti erùpẹ̀

Apá ìwé náà tó kan ilẹ̀ fi hàn bí ó ṣe ń mú ìmọ̀ tó le wá sí ipele ọmọ. Odò kékeré tó ń ṣàn nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò tẹ̀lé e láti mọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Wọn yóò wo bí omi rẹ̀ ṣe rí kí òjò tó rọ̀ àti lẹ́yìn tí òjò bá dá, wọn yóò sì bi ara wọn léèrè ibi tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ti wá. Wọn yóò rí i pé ibi tí omi ti ń sáré ni òkúta wà, ibi tí ó ti ń rọra lọ sì ni iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń jókòó sí. Nínú yàrá ìkàwé, wọn a bu òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti erùpẹ̀ sínú ìgò olómi, wọn a mì í, wọn a sì gbé e kalẹ̀. Èyí tó wúwo ni yóò kọ́kọ́ jókòó, èyí tó fúyẹ́ yóò gbẹ̀yìn. Ọmọ tó bá rí èyí ti mọ ìdí tí àpáta kan fi wà ní ìpele ìpele, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ líle kankan. Ó ti mọ̀ pẹ̀lú ohun tí ọ̀gbàrá ń gbé lọ nínú oko bàbá rẹ̀.

Bákan náà ni ó ṣe sí òkúta. Ó ní kí wọ́n fi iyọ̀ sínú omi, kí omi náà sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ lè rí bí iyọ̀ ṣe ń tò padà ní ìrísí onígun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo granite, tí wọn yóò sì wá quartz, feldspar àti mica jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ojú àti ọwọ́. Ó kọ́ni nípa erùpẹ̀, nípa afẹ́fẹ́ àti ojú ọjọ́, nípa ìrì, kùrukùru, òjò àti yìnyín gẹ́gẹ́ bí omi kan náà tó ń pàwọ̀ dà, àti nípa ìràwọ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò fún ìmọ̀ nípa ìbáṣepọ̀ ohun abẹ̀mí àti àyíká wọn kò tíì di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí Anna ń kọ̀wé. Síbẹ̀ ìmọ̀ náà wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò fi kòkòrò sílẹ̀ láìbéèrè ewé tó ń jẹ. Kò fi ewé sílẹ̀ láìbéèrè ilẹ̀ tó hù sí. Kò fi òdòdó sílẹ̀ láìbéèrè oyin tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ilé, ó ní oúnjẹ, ó ní ọ̀tá, ó sì ní ohun tó ń ṣe fún ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá kọ́ láti máa béèrè báyìí ti wọ inú ìmọ̀ náà kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Àríwísí àti ààlà

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan sọ pé ẹ̀kọ́ náà kún fún ìfẹ́ àti ìtàn ju òtítọ́ tó le lọ, àti pé kò múra ọmọ sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tòótọ́. Ìhà tí Anna kọ sí èyí ni pé ìfẹ́ àti òtítọ́ kò bára wọn jà. Ó gbà kí ẹ̀kọ́ dùn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ohun tí ọmọ kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí ó ti wù kí ó rí, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì gbogbogbò bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà.

Ìwé náà ní ààlà mìíràn. Ẹranko, òdòdó àti ojú ọjọ́ àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló kún inú rẹ̀. Olùkọ́ tó bá wà níbi tí yìnyín kì í ti í bọ́ kò lè dà á kọ. Ohun tó lè mú nínú rẹ̀ ni ọ̀nà ìbéèrè. Ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Nature Study wà nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìjọba amúnisìn. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti inú ìwé lásán, ọmọ lè mọ òdòdó ilẹ̀ òkèèrè ní orúkọ kí ó má sì mọ ohun tó ya ilẹ̀dú sọ́tọ̀ sí amọ̀ nínú oko àwọn òbí rẹ̀. Ìlànà Anna Comstock lòdì sí irú rẹ̀ pátápátá: ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ọjọ́ alẹ́ àti ogún tó fi sílẹ̀

Ní ọdún 1913 Anna di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1917 sí 1923 ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Nature-Study Review. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1922, ṣùgbọ́n kò fi kíkọ́ni sílẹ̀. Ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ League of Women Voters kà á mọ́ àwọn obìnrin méjìlá tó tóbi jù lọ láàrin àwọn tó wà láàyè ní Amẹ́ríkà.

Ọdún 1926 mú ìbànújẹ́ wá. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Anna, tí ara tirẹ̀ náà kò le mọ́, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Wọn kò bímọ. Ó kọ ìtàn ìgbésí-ayé àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí láyé nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1953. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní Ithaca ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ ọdún 1930. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. John Henry Comstock tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta ọdún 1931.

Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn bọ́ sọ́wọ́ Cornell. Ní ọdún 1939 wọ́n gbé àtúnṣe Handbook jáde, pẹ̀lú ìmọ̀ tuntun tó ti wọlé lẹ́yìn ikú rẹ̀, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí. Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ National Wildlife Federation fi orúkọ rẹ̀ sí ààrin àwọn tí wọ́n bu ọlá fún nítorí ìdáàbòbò ìṣẹ̀dá.

Kò sí òkúta tàbí kòkòrò kan tí ayé ń ránti gẹ́gẹ́ bí àwárí rẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ṣáájú rẹ̀, olùkọ́ tí kò mọ orúkọ òkúta tí ọmọ gbé wá a máa ní kí ọmọ gbé e sọ nù. Lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ náà lè gbà á, kí ó gbé e sórí tábìlì, kí gbogbo kíláàsì sì yí i ká. Abéèrè kì í ṣìnà, ìbáà jẹ́ olùkọ́ ni ó ń béèrè.